Ẹ Má Tíì Ju Pásíbúùkù Yín Nù

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, fáìlì owó ẹgbẹ́ kọ̀, kò ṣí. Ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́yìn ìpàdé gbogbogbòò tó kọjá ni pé wàhálà ti tán, wọ́n ti tún fáìlì ṣe, kọ̀ǹpútà ti ń kà á, kí akọ̀wé àti akápò máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Àwọn kan tilẹ̀ ti kọ àbá sílẹ̀ fún ìpàdé tó ń bọ̀ pé iye tí fáìlì àtúnṣe yìí bá gbé síwájú orúkọ ẹnìkọ̀ọ̀kan ni kí ó dúró, kí ẹnikẹ́ni má sì mú pásíbúùkù wá bá ẹgbẹ́ jiyàn mọ́. Wọ́n ní láti oṣù yẹn lọ, kí á fi òpin sí pásíbúùkù àti lẹ́jà pátápátá, nítorí ayé ti kọjá ibẹ̀.

Àwa kò fara mọ́ àbá yìí o. Lóòótọ́ yóò dín iṣẹ́ kù lọ́rùn akọ̀wé, síbẹ̀ a kò fara mọ́ ọn, a ó sì sọ ìdí rẹ̀ kí ìpàdé tó pé, kí ẹni tó máa nawọ́ sókè lè mọ ohun tí òun ń nawọ́ sí.

Ẹ má gbọ́ ọ sí òdì. A kì í ṣe ọ̀tá kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ rántí bí a ṣe máa ń jókòó ti lẹ́jà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú nígbà tí a bá fẹ́ pín èlé ọdún, tí ẹni méjì yóò ro owó kan náà pọ̀, tí èsì wọn kò ní dọ́gba. Kọ̀ǹpútà gbà wá lọ́wọ́ ìyẹn. Ọmọ ẹgbẹ́ tó fẹ́ yá owó lè mọ iye tó tọ́ sí i kí ó tó mu ife omi kan tán. Ẹni tó bá ní kí á gbé e sọnù, a kò ní bá a lọ. Ohun tí à ń bá jà ni kí á máa pe fáìlì tó ti ṣubú, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dìde, ní ẹlẹ́rìí tí kì í purọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Wọ́n ń kọ owó oṣù wọlé lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ. Bátìrì ínfátà, tó yẹ kó gbé iṣẹ́ dúró, kò gbé e ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kọ̀ǹpútà bá kú. Nígbà tí iná dé tí a ní kí á ṣí fáìlì, kọ̀ǹpútà kọ ọ́ síta pé irú fáìlì báyìí kò yé òun. A gbọ́ pé wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri nínú ọjà pé owó ẹgbẹ́ ti run. Owó kankan kò run. Owó wà ní báńkì. Ohun tó daru ni àkọsílẹ̀ tó ń sọ pé èyí ni ti Lágbájá, èyí ni ti Tàmẹ̀dù. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, bí a bá yọ àkọsílẹ̀ yẹn kúrò, ohun tó kù kò pọ̀.

Fáìlì wa jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní dátábéèsì, Microsoft Access ni wọ́n sì fi ṣe é. Ẹgbẹ́ kéékèèké ń lò ó nítorí pé ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì lè mọ̀ ọ́n lò láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Inú rẹ̀ pín sí ojú ewé ojú ewé gẹ́gẹ́ bí lẹ́jà, ojú ewé kọ̀ọ̀kan sì gba báìtì 4,096. Nígbà tí akápò bá kọ ₦5,000 síwájú orúkọ yín, kì í ṣe ojú kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà ń kọ ọ́ sí. Ó ń kọ ìlà náà sí ojú ewé kan; ó ń tún atọ́ka ṣe lórí ojú ewé mìíràn, kí ó lè tètè rí orúkọ yín lọ́jọ́ mìíràn; ó tún ń sàmì síbòmíràn pé àyè báyìí ti kún, kí ẹlòmíràn má jókòó síbẹ̀. Bí iná bá lọ nígbà tó ti ṣe èkíní tí kò tíì ṣe èkejì, fáìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í tako ara rẹ̀. Atọ́ka á ní kí á lọ sí ojú ewé báyìí, a ó dé ibẹ̀, owó ẹlòmíràn la ó bá, tàbí kí á bá òfìfo. Ohun tí wọ́n ń pè ní fáìlì tó bàjẹ́ nìyẹn. Kò jó, kò jẹrà, ìwọ̀n rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà lè má yàtọ̀ rárá sí ti àná.

Iná nìkan kọ́ ló ń ṣe é. Bí ènìyàn méjì bá ṣí fáìlì kan náà láti orí kọ̀ǹpútà méjì tí ìsopọ̀ àárín wọn kò lágbára, ó lè ṣẹlẹ̀. Bí ẹnìkan bá fa fúláàṣì yọ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, ó lè ṣẹlẹ̀. Fáìlì Access kò sì gbọdọ̀ ju gígábáìtì 2 lọ. Èyí tó bá súnmọ́ ibẹ̀ ń wá wàhálà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìgbìmọ̀ pè wá mọ iṣẹ́ rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ ṣe ló sì jẹ́ kí á mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Kò tẹ nǹkan kan. Ó ní kí á ra fúláàṣì tuntun méjì wá, ó da fáìlì tó bàjẹ́ náà kọ sórí méjèèjì, ó ní kí á ti ọ̀kan mọ́ inú àpótí owó. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ rò pé ó ń fi àkókò wa ṣòfò ni. Fáìlì tó ti bàjẹ́, kí la fẹ́ fi ẹ̀dà rẹ̀ ṣe? Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Inú Access ni bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n kọ Compact and Repair sí, tó ń tún fáìlì tò, tó sì ń gbìyànjú àtúnṣe. Àwọn tó ṣe ètò náà, ìyẹn Microsoft, ló fúnra wọn sọ pé kí ènìyàn ṣe ẹ̀dà kí ó tó tẹ̀ ẹ́, nítorí pé bí ó ti ń tún un ṣe, ó lè gé lára ohun tó wà níbi tó bàjẹ́ dànù. Ohun tí kò bá rí tún ṣe, á to orúkọ wọn sí ibì kan tó ń jẹ́ MSysCompactErrors. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé ibẹ̀ wà kò ní wò ó, á kàn rò pé gbogbo rẹ̀ ti pé. Ẹ rí i báyìí pé ẹni tí a ní kó kín wa lẹ́yìn lè fi ẹ̀gún sọ́wọ́, kì í sì í ṣe pé ó kórìíra wa. Bí a kò bá ní ẹ̀dà, ohun tó gé dànù ti lọ nìyẹn.

Ẹ̀dà ló fi ṣiṣẹ́. Nígbà tí bọ́tìnnì kò tó, ó ṣí fáìlì tuntun tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ó wá ń kó ohun tó wà nínú ti àtijọ́ lọ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń fo ìlà tí kò bá gbà. Níbòmíràn, ibi tó yẹ kí orúkọ ènìyàn wà, àmì bí ìwé àwọn ará Ṣáínà ló wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni. Ó tán, fáìlì ṣí, gbogbo ilé hó yè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ìlà tó kún fún àmì Ṣáínà kò lè tan ẹnikẹ́ni jẹ. Èyí tó ń tan ni jẹ ni ìlà tó mọ́ tónítóní, tó ní orúkọ, tó ní ọjọ́, tó ní iye owó, ṣùgbọ́n tí àwọn méjì tó yẹ kó tẹ̀ lé e kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ wò ó títí, ẹ kò lè rí ohun tí kò sí.

A ti fi pásíbúùkù àwọn tó kọ́kọ́ mú tiwọn wá wé fáìlì àtúnṣe yìí. Ti ọ̀pọ̀ dọ́gba kọ́bọ̀ sí kọ́bọ̀. Ti àwọn mìíràn kò dọ́gba. Ìyá kan láàrin wa, ẹja ló ń tà, yá ₦150,000, ó sì ń san ₦15,000 lóṣooṣù láìyẹ̀ títí ó fi san án tán. Fáìlì ní ó ṣì jẹ ẹgbẹ́ ní ₦45,000, nítorí pé ìlà oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn kò sí níbẹ̀. Nínú pásíbúùkù rẹ̀, oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀, ìfọwọ́síwèé akápò wà níbẹ̀. Ó sì ti kọ̀wé láti tún yá òmíràn, nítorí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀. Bí a bá tẹ̀ lé àbá tí wọ́n mú wá yìí, ẹ̀yáwó kò ní tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, a ó sì tún ránṣẹ́ pe àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì pé kí wọ́n wá san gbèsè tí kò sí. Ẹ̀yin tó mú àbá wá, ṣé ohun tí ẹ ń fẹ́ nìyẹn?

Ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn tún wà tí fáìlì fi ₦20,000 kún owó rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé owó yìí kì í ṣe tòun. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ a kò lè máa fi ìwà ọmọlúwàbí ẹnìkan ṣe ìlànà ìṣirò owó.

Kì í ṣe Access nìkan ló rí báyìí. Ètò kan wà tó ń jẹ́ SQLite, tí D. Richard Hipp ará Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbé jáde ní 2000. Inú fóònù tó wà lápò yín pàápàá, fáìlì rẹ̀ kún ibẹ̀. Láti 2019 ni wọ́n ti fi àṣẹ kan sí i tó ń wá ohun tó kù nínú fáìlì tó bàjẹ́ kó jọ. Ohun tí a gbóríyìn fún àwọn tó ṣe é ni pé wọn kò fọ́nnu. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé lẹ́yìn irú ìkójọ bẹ́ẹ̀, ohun kan lè ti sọnù pátápátá, iye kan lè ti yí padà, ohun tó wà níbì kan lè bọ́ sí ibòmíràn, ohun tí ènìyàn sì ti pa rẹ́ tẹ́lẹ̀ lè tún yọ jáde. Ẹ ka èyí tó kẹ́yìn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀yáwó tí ènìyàn san tán, tí wọ́n ti pa rẹ́ kúrò nínú ìwé, lè jí dìde. Bí ẹni tó ṣe ọkọ̀ bá ní kí á máa fi sùúrù wa ọ́n, kí ni tiwa láti máa sá eré?

Àwọn kan á ní ẹ̀rọ kì í ṣe ojúsàájú, ènìyàn ló ń purọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò ní ìlú Ọba ti lè gbọ́ lẹ́nu wọn ibi tí irú èrò bẹ́ẹ̀ gbé àwọn ènìyàn dé. Ní 1999 ni Ilé Ìfìwéránṣẹ́ níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò ìṣirò kan tó ń jẹ́ Horizon, tí ilé iṣẹ́ Fujitsu ń bójú tó. Bí ètò náà bá ti ní owó ẹ̀ka kan kò pé, ẹni tó ń ṣàkóso ẹ̀ka náà ni wọ́n ń mú. Láàrin ọdún náà sí 2015, àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi lé ní 900. Wọ́n sọ àwọn kan sẹ́wọ̀n. Àwọn mìíràn ta ohun ìní wọn láti fi dí ihò tí kò sí. Ìgbà tó di oṣù kejìlá 2019 ni ilé ẹjọ́ gíga sọ pé àṣìṣe wà nínú ètò náà lóòótọ́. Ní oṣù kẹrin 2021, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ẹ̀bi ènìyàn 39, nígbà tó sì di 2024, òfin ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn ṣe láti fọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn tó kù mọ́. Lóòótọ́, tiwọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáìlì tí iná bà jẹ́, àṣìṣe inú ètò fúnra rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó dá wọn lóró ni ohun tí àbá yìí fẹ́ gbé wọ inú ẹgbẹ́ wa: nígbà tí ẹ̀rọ àti ènìyàn kò bá fẹnu kò, ènìyàn ni wọ́n ní kó lọ wá ẹ̀rí wá.

Nílé wa níbí náà, òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Òfin Ẹ̀rí ti 2011, abala 84, gbà pé ìwé tó ti inú kọ̀ǹpútà jáde lè jẹ́ ẹ̀rí nílé ẹjọ́, ṣùgbọ́n ó fi àwọn nǹkan kan ṣe é ní dandan. Ọ̀kan nínú wọn ni pé kọ̀ǹpútà náà gbọ́dọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ bó ti yẹ ní gbogbo àkókò tí ọ̀rọ̀ kàn, tàbí kó jẹ́ pé àìṣiṣẹ́ rẹ̀ kò ba òtítọ́ inú ìwé náà jẹ́. Bí a bá gbé ajigbèsè lọ sílé ẹjọ́ pẹ̀lú fáìlì àtúnṣe nìkan, ìbéèrè kìíní tí lọ́yà rẹ̀ á bi wá nìyẹn. Kí la fẹ́ dáhùn?

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á sọ ohun tí pásíbúùkù jẹ́ gan-an, nítorí a rí i pé àwọn ọ̀dọ́ wa kà á sí nǹkan àtijọ́, bíi fìtílà elépo. Láti ìgbà tí ìjọba ti ṣe òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí ní 1935, ìwé kíkọ ni ẹgbẹ́ fi ń dúró. Ẹ kò sì ní gbà gbọ́ pé ibẹ̀ ni àwọn ọ̀gá kọ̀ǹpútà ti kọ́gbọ́n. Jim Gray, ará Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Turing ní 1998 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí irú fáìlì wọ̀nyí, kọ ìwé kan ní 1981, ó sì tọ́ka sí àwọn olùṣirò owó ayé àtijọ́ nínú rẹ̀. Ó ní wọn kì í pa ohun tí wọ́n ti kọ rẹ́. Bí àṣìṣe bá wà, ìlà tuntun ni wọ́n fi ń tún un ṣe, ti àtijọ́ á sì wà níbẹ̀. Irú ìlànà yìí ni àwọn ètò ńlá bíi PostgreSQL ń tẹ̀ lé: ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n á kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé àkọọ́lẹ̀ kan lọ́tọ̀, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ojú ewé owó. Bí iná bá lọ, bí ó bá ti dé, wọ́n á ka àkọọ́lẹ̀ yẹn, wọ́n á parí ohun tó yẹ ní píparí, wọ́n á sì yí èyí tó kù padà. Access kò ní irú àkọọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ wa ló ní in. Pásíbúùkù tó wà lọ́wọ́ yín, tí akápò fọwọ́ sí kí ẹ tó kúrò níwájú tábìlì, àti rìsíìtì tí ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, àwọn ni àkọọ́lẹ̀ wa. Wọ́n tuká sí ilé yín lọ́kọ̀ọ̀kan, iná kan ṣoṣo kò lè pa gbogbo wọn pọ̀. Àwọn tó ní kí á ju èyí nù ń sọ pé kí á ju nǹkan tí fáìlì wa kò ní nù, nígbà tí a nílò rẹ̀ jù lọ.

A mọ ohun tí wọ́n á fi dá wa lóhùn. Pásíbúùkù ń sọnù. Òjò ń pa á. Ọmọ á fi ya àwòrán. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ lè fi bíró tiẹ̀ kún un. Gbogbo rẹ̀ la gbà. A ti rí pásíbúùkù tí wọ́n sọ 1 di 4, ojú kò sì tì í. Ìdí nìyẹn tí a kò fi ní kí pásíbúùkù máa dá jẹ́rìí. Rìsíìtì wà. Ìwé tí báńkì fi ń gba owó lọ́wọ́ akápò wà, owó ọjọ́ kan níbẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá àpapọ̀ rìsíìtì ọjọ́ náà mu. Ẹni tó bá sọ 1 di 4 nínú pásíbúùkù tirẹ̀ kò lè sọ ọ́ di 4 ní báńkì. Ohun tí à ń sọ kò ju báyìí lọ: níbi tí fáìlì àtúnṣe àti pásíbúùkù kò bá ti dọ́gba, pásíbúùkù ni kí á gbà títí ẹgbẹ́ yóò fi rí rìsíìtì tàbí ìwé báńkì tó takò ó. Ẹgbẹ́ ni kó wá ẹ̀rí, kì í ṣe ìyá ẹlẹ́ja.

Ọ̀nà tí iṣẹ́ náà yóò gbà kò le. Ẹ̀dà ìpamọ́ tó wà lọ́wọ́ jẹ́ ti ìparí oṣù kẹta, gẹ́gẹ́ bí ìpàdé ti fọwọ́ sí i pé ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ni kí á máa ṣe é. Èyí mọ́, a ti ṣí i, ó sì bá ìwé olùyẹ̀wò owó mu. Orí rẹ̀ la ó kọ́lé lé. Láti oṣù kẹrin títí di ọjọ́ tí iná lọ, a ó tún gbogbo rẹ̀ kọ láti inú rìsíìtì, láìwo fáìlì àtúnṣe rárá. Bó bá tán, a ó wá gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ibi tí wọ́n bá ti dọ́gba, kò séwu. Ibi tí wọn kò bá ti dọ́gba, a ó pe ọmọ ẹgbẹ́ náà. Fáìlì àtúnṣe wúlò, ẹ má rò pé a ní kò wúlò. Ó ń tọ́ka ibi tó yẹ kí á wò fún wa. Adájọ́ nìkan la ní kó má ṣe.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún kò tó. A ó bẹ ìpàdé kó sọ ọ́ di ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ̀dà kan ní ọ́fíìsì, ọ̀kan nílé alága, ọ̀kan síbi tí kò sí nínú ìlú yìí. Kí ẹnìkan sì máa ṣí i wò lóṣooṣù, nítorí ẹ̀dà tí a kò ṣí wò rí, a kò mọ̀ bóyá ẹ̀dà ni. Ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ GitLab kọ́ èyí ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2017. Òṣìṣẹ́ wọn kan pa fáìlì ńlá wọn rẹ́ ní àṣìṣe, wọ́n ní ọ̀nà ìpamọ́ márùn-ún, kò sí ọ̀kan tó ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. Ẹ̀dà kan tí òṣìṣẹ́ kan dédé ṣe ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló yọ wọ́n. Bí ó bá ṣe irú àwọn wọ̀nyẹn tí kọ̀ǹpútà jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn, ẹ má jẹ́ kí á máa gbẹ́kẹ̀ lé fúláàṣì kan tó wà nínú dúrọ́à.

Bátìrì ínfátà tuntun náà kò ní pa wá. Owó rẹ̀ kò tó owó ọjọ́ mẹ́ta tí a fi dá iṣẹ́ dúró. Ní ti àwọn ètò tí wọ́n ń polówó kiri pé ẹ fi fáìlì yín ránṣẹ́, a ó gba gbogbo rẹ̀ padà, a kò fẹ́ gbọ́ ọ. Ohun tí kò sí nínú fáìlì mọ́, kò sí ètò tó lè bí i. Orúkọ yín, nọ́ńbà fóònù yín àti nọ́ńbà báńkì yín ló wà nínú fáìlì yẹn, Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti 2023 sì fi í sí wa lọ́rùn pé kí á má fi lé àjèjì lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀.

Títí ìpàdé yóò fi pé, ìgbìmọ̀ ti gbà pé kí á má fi fáìlì àtúnṣe dá ẹ̀yáwó ẹnikẹ́ni dúró, kí á má sì fi pe onídùúró kankan. Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ọ́fíìsì yóò máa wà ní ṣíṣí láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ títí di aago méje, títí kan ọjọ́ Sátidé. Ẹ mú pásíbúùkù yín wá, àti gbogbo rìsíìtì tó bá wà lọ́wọ́ yín láti oṣù kẹrin. Ìwájú yín la ó ti fi wé e, ẹ ó sì fọwọ́ sí i kí ẹ tó lọ. Ẹni tí kò bá lè wá, kí ó fi rán onídùúró rẹ̀, kì í ṣe ọmọdé. Ẹni tí pásíbúùkù rẹ̀ bá sì ti tutù tàbí tó lẹ̀ mọ́ra, kí ó má ṣe sá a sí ẹ̀gbẹ́ iná tàbí kí ó máa fi ipá ṣí i. Kí ó mú un wá bí ó ṣe wà.